ILẸ̀ NI ÌPÌLẸ̀ ẸMU RERE
Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Àgbẹ̀

Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn tí ń gbin àjàrà a máa ṣọ́ra gidigidi ní yíyan ilẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé oko méjì tí ó bá ara wọn pààlà, tí a gbin irú àjàrà kan náà sí, lè so èso tí wáìnì rẹ̀ kò dọ́gba ní adùn, nítorí omi a máa tètè fà nínú ọ̀kan, a sì máa dúró nínú èkejì. Ní ìhà òkun ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ ni igi tí ń fún ènìyàn ní ohun mímu. Òfin kan náà ni ó sì de àwọn pẹ̀lú.

Kí a wo Ìsọlọ̀ àti Oṣòdì. Ìlú àwọn Àwórì ni Ìsọlọ̀ láti ìgbà àtijọ́, ilẹ̀ rẹ̀ sì rẹlẹ̀ ní ìhà Òkè-Afá, níbi tí omi ń gbà kọjá. Lónìí, ilé àti títì ti bo ibẹ̀, omi gọ́tà ìlú ni ó sì ń ṣàn ní ipa omi náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ẹmu fún àwọn ará Oṣòdì ní láti wá ilẹ̀ rẹ̀ síwájú sí i, ní ìhà Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú tàbí Bàdágìrì. Irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún.

1. Kí ó mọ ohun tí igi fẹ́. Igi ògùrọ̀ fẹ́ràn àbàtà àti etí odò. Bí a bá fi yanrìn dí àbàtà náà, tàbí tí a bá la ojú omi rẹ̀ kí ó lè gbẹ, a ti gba oúnjẹ lẹ́nu igi. Ọ̀pẹ kò rí bẹ́ẹ̀: ó fẹ́ òjò púpọ̀, nǹkan bí 2,000 mìlímítà lọ́dún, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí omi dúró pẹ́ ní ìdí rẹ̀.

2. Kí ó gbẹ́ ihò wò. Kí ihò náà jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí ó sì wà ní ibi púpọ̀ nínú oko. Bí omi bá sun sínú rẹ̀ tí kò sì lọ, ilẹ̀ ògùrọ̀ ni. Bí ọkọ́ bá kan ìyangí, gbòǹgbò ọ̀pẹ kì yóò rí ọ̀nà lọ. Bí ó bá jẹ́ yanrìn lásán, omi kì yóò dúró nínú rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ jíjìn tí yanrìn àti amọ̀ pò pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó yẹ ọ̀pẹ. Kí ó fi nǹkan bí mítà mẹ́sàn-án sí àárín igi kan àti èkejì, kí oòrùn lè kan gbogbo wọn.

3. Kí ó wo ilẹ̀ náà nígbà méjì. Ní agbègbè Èkó, òjò a máa pọ̀ jù ní oṣù kẹfà, a sì tún máa pọ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ nígbà ọyẹ́ láìrí i nígbà òjò, ìdajì rẹ̀ ni ó rí.

4. Kí òdòdó má tàn án jẹ. Òdòdó akọ ni a ti ń dá ẹmu lára ọ̀pẹ tí a kò gé lulẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ tí ọ̀dá ń pọ́n lójú a máa yọ òdòdó akọ ju ti ìṣáájú lọ. Nítorí náà, òdòdó akọ púpọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ilẹ̀ dídára. Ó lè jẹ́ igbe igi tí òǹgbẹ ń gbẹ.

5. Kí ó dá irúgbìn sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi ògùrọ̀ ń tanná, lẹ́yìn èyí a sì kú. Ẹni tí ó bá dá a lẹ́mu ní àkókò náà kò ní rí èso lórí rẹ̀ mọ́. Bí àgbẹ̀ bá dá gbogbo igi rẹ̀ lẹ́mu, àbàtà yóò ṣófo, àwọn ọmọ rẹ̀ kì yóò sì bá ohun kan níbẹ̀. Kí ó fi àwọn tí ó sanra jù sílẹ̀ kí wọ́n so.

6. Kí ó má ba iṣẹ́ ilẹ̀ jẹ́. Bí oje igi bá ti ń kán sínú akèrègbè ni ìwúkàrà ti ń sọ adùn rẹ̀ di ọtí. Bí ó bá pẹ́, yóò kan bí ọtí kíkan. Kí a fi omi gbígbóná fọ akèrègbè lójoojúmọ́. Kí a má ṣe bu omi odò là á, nítorí ọ̀nà tí onígbáméjì ń gbà wọlé nìyẹn.

Ní Oṣòdì kan náà ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ti Ìjọba Àpapọ̀ wà, èyí tí a ń pè ní FIIRO, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1956. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí bí a ṣe lè rọ ẹmu sínú ìgò, kí a sì fi ooru pa ìwúkàrà inú rẹ̀, kí ó má bàa kan. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìgò kò lè mú ẹmu dùn ju bí ó ti rí nígbà tí ó wọ inú rẹ̀ lọ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti inú ilẹ̀ ni adùn ẹmu ti ń bẹ̀rẹ̀.