Lábẹ́ Igi Juniper

Ibi kíkà: 1 Àwọn Ọba 19:1-8

Èlíjà sá fún Jésébélì, ó rin ìrìn ọjọ́ kan wọ inú aginjù, ó sì bẹ Ọlọ́run pé kí òun kú. Ẹ kíyè sí áńgẹ́lì náà. Kò bá a wí, kò sì pè é sí ààwẹ̀. Oúnjẹ àti omi ni ó gbé fún un. Ó jẹ́ kí ó tún sùn, ó sì tún jí i kí ó jẹun lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn èyí ni ìrìn ogójì ọjọ́ lọ sí Hórébù tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí ti fò mí ru nígbà tí ọmọ ìjọ wa kan pè mí láti yunifásítì pé òun kò rí oorun sùn fún òru mẹ́rin, ayé sì ti sú òun. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni mo yàn fún un! Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ni ó fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní òru ọjọ́ náà. Ọmọdé yẹn ni ó ṣe iṣẹ́ áńgẹ́lì.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ bi í láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Kí ẹnì kan sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ kí ìbátan bá aláìsàn gbé nígbà ìtọ́jú.

Nọ́ńbà pàjáwìrì Nàìjíríà ni 112. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 999 ni bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Àwọn Samaritans sì ń gbọ́ ìpè lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 116 123, tọ̀sán-tòru. Ti Amẹ́ríkà ni 988. Kí ọmọ kọ wọ́n sínú fóònù rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé.