Mọ̀ Lára, Mọ́ Lára

Oníwàásù kan ló ba ọ̀sán mi jẹ́ lórí rédíò mọ́tò, bí a ṣe ń kúrò ní Ọ̀wọ̀. “Ẹ má dà bí ẹkòló,” ni ó wí, “ẹkòló tí kò ní ọpọlọ, tí kò sì ní ìmọ̀lára.” Àwọn ọmọ tó ń fi ẹkòló sẹ́nu ìwọ̀ létí odò Ọ̀sẹ̀ ì bá bi í léèrè ohun tó ń mú ẹkòló lọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹkòló ní ọpọlọ, ó kàn kéré ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ti ìmọ̀lára ló dùn mí.

Ta ló ní orí ni ìmọ̀lára ń gbé? Ọ̀rọ̀ náà júwe ilé ara rẹ̀: mọ̀, ní, ara. Àbúrò ìfura ni, ara náà ní í fu èèyàn. Ẹran kékeré kan wà nínú omi adágún, hydra lorúkọ rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju èékánná lọ. Òun gan-an ni kò ní ọpọlọ. Iṣan rẹ̀ ta káàkiri ara bí àwọ̀n, kò sí olórí níbẹ̀. (Ará Ọ̀wọ̀ á ní ìlú wo ni í wà láìní ọba bí Ọlọ́wọ̀?) Síbẹ̀, kan ibì kan lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á súnkì. Ewéko ni Abraham Trembley, ará Geneva, kọ́kọ́ pè é ní 1740, títí ó fi mi ìgò omi tí wọ́n wà nínú rẹ̀, tí gbogbo wọn ká jọ.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé bí a bá ń mi ìgò náà lemọ́lemọ́, hydra á dẹ́kun àtisúnkì. Ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tó yá, ó mọ́ ọn lára. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹran ló mọ mímì. Nínú ti ìkejì, mímì ló mọ́ ẹran lára. Àmì ohùn kan péré! Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Yorùbá láìfàmì sí i, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Àwọn tó ń pe ayọ̀ àti ìbànújẹ́ ní ìmọ̀lára ńkọ́? Inú ni mo mọ̀ tó ń dùn, tó ń bà jẹ́, tó sì ń bíni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti borí. Àwọn ọmọ mi ń sọ ọ́ nínú ilé mi. Mo túúbá. Ti ẹkòló nìkan ni n ò gbà. Ẹni tó bá ń jiyàn, kí ó fi ṣóńṣó koríko kàn án lẹ́yìn òjò.