Orí Kẹfà: Bí Kòkòrò Kò Ṣe Ní Wọ Rọ́bà Ẹ̀rọ CPAP

Ọ̀rọ̀ tí a ó bá pàdé

Ẹ̀rọ CPAP: ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú ẹni tó ń sùn.
Ìbòmú: èyí tí a ń fi bo imú, tàbí imú àti ẹnu.
Rọ́bà: ọ̀pá gígùn tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀rọ wá sínú ìbòmú.
Asẹ́: ohun pẹlẹbẹ tó ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́.
Ike omi: ibi tí à ń bu omi sí, kí afẹ́fẹ́ má baà gbẹ wá lọ́fun.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti sùn, ọ̀nà ọ̀fun wọn á dẹ̀, á sì pa dé. Wọ́n á máa hanrun kíkankíkan. Lójijì, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́, wọn ò ní mí mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ta jí, tí wọ́n á máa mí gúlegúle bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Èyí lè ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lóru ọjọ́ kan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, orí á máa fọ́ wọn, oorun á sì máa kùn wọ́n níbi iṣẹ́.

Ní ọdún 1981, Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney, ní orílẹ̀-èdè Australia, kọ̀wé jáde nípa ọ̀nà ìtọ́jú tuntun kan. Wọ́n lo ẹ̀rọ láti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú aláìsàn láti alẹ́ títí di àárọ̀. Afẹ́fẹ́ náà ni kò jẹ́ kí ọ̀nà ọ̀fun pa dé. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ CPAP ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, NHS, ètò ìlera ìjọba, ń fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní ẹ̀rọ yìí ní Britain, àwọn èèyàn wa sì wà lára wọn.

Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ yìí kò gbọ́dọ̀ pa á tì. Bí àìsàn yìí bá le, tó ń mú awakọ̀ tòògbé lọ́sàn-án, òfin ilẹ̀ Britain ní kó fi tó DVLA, àjọ tó ń bójú tó ìwé àṣẹ awakọ̀, létí, kó má sì wakọ̀ títí ìtọ́jú yóò fi kápá oorun náà. Nítorí náà, bí ìbẹ̀rù kòkòrò bá mú yín pa ẹ̀rọ tì, oorun yín bà jẹ́, iṣẹ́ yín náà sì wà nínú ewu. Ẹ̀kọ́ orí yìí ni bí a ṣe lè máa lo ẹ̀rọ náà lálaalẹ́ láìbẹ̀rù kòkòrò.

Ọ̀nà wo ni kòkòrò ń gbà wọlé?

Ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ni ibi tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé wà. Asẹ́ ló dí ibẹ̀. Bí asẹ́ náà kò bá ya, tó sì jókòó dáadáa, kòkòrò kò ní rí ibẹ̀ gbà.

Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ ń tú jáde láti inú rọ́bà láìdúró. Ó ṣòro kí kòkòrò tó rìn lòdì sí afẹ́fẹ́ yẹn.

Ìgbà tí ẹ bá pa ẹ̀rọ ni kí ẹ ṣọ́ra. Inú rọ́bà ṣókùnkùn, èémí àti ike omi sì ti sọ ọ́ di ọlọ́rinrin. Irú ibẹ̀ ni aáyán fẹ́ràn. Aáyán kékeré tó wọ́pọ̀ ní ilé ìdáná ní London kò gùn ju mìlímítà 15 lọ. Ẹnu rọ́bà fẹ̀ tó mìlímítà 15 sí 22. Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu nìyẹn fún aáyán, pàápàá fún ọmọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo àdúgbò wa ní Dagenham. Láàárín ọdún 1921 sí 1935 ni ìjọba London kọ́ ilé Becontree, bíi 26,000 ilé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà so mọ́ ara wọn, ògiri kan náà ni aládùúgbò méjì ń lò, ọgbà sì wà lẹ́yìn wọn. Nígbà ooru, èèrà á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Bí oṣù September bá dé, akọ aláǹtakùn ńlá á máa rìn kiri inú ilé, wọ́n ń wá abo. Aláǹtakùn kì í ṣe kòkòrò ní ti gidi, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, ṣùgbọ́n òun náà fẹ́ràn ihò. Ní àwọn ilé alájà púpọ̀, aáyán lè gba ẹ̀gbẹ́ páìpù láti ilé ẹlòmíràn dé ọ̀dọ̀ yín. Kò túmọ̀ sí pé ilé yín dọ̀tí.

Ọ̀pá tí wọn kò bò

Kì í ṣe ilé nìkan ni kòkòrò ti ń wọnú ọ̀pá. Ní ọjọ́ 6 oṣù February, ọdún 1996, ọkọ̀ òfuurufú Birgenair já sínú òkun nítòsí Puerto Plata ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic. Gbogbo èèyàn 189 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Ọ̀pá kékeré kan tó ń jẹ́ kí awakọ̀ mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó ti dí. Ọkọ̀ náà ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, wọn kò sì bo ẹnu ọ̀pá náà. Àwọn olùṣèwádìí gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ agbọ́n, irú èyí tó ń fi ẹrẹ̀ kọ́lé, ló kọ́lé síbẹ̀. Irú agbọ́n bẹ́ẹ̀ wà ní Nàìjíríà náà. Ọ̀pá tí a kò lò, tí a kò sì bò, kì í pẹ́ tí ẹ̀dá kan fi ń sọ ọ́ di ilé.

Ohun tí a ó ṣe bí a bá jí

1. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ yọ ìbòmú kúrò lára rọ́bà, kí ẹ sì yọ rọ́bà kúrò lára ẹ̀rọ.
2. Ẹ fi aṣọ rírin tó mọ́ nu ìbòmú, kí ọ̀rá ojú àti òógùn kúrò lára rẹ̀.
3. Ẹ da omi inú ike nù. Ẹ ṣí i sílẹ̀ kó gbẹ.
4. Ẹ gbé rọ́bà kọ́ sókè, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀, kó lè gbẹ. Ẹ má jẹ́ kó wà lórí kápẹ́ẹ̀tì.
5. Bó bá ti gbẹ, ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ bo ẹnu rọ́bà méjèèjì, kí ẹ fi okùn so ó. Ẹ kó ìbòmú sínú àpò aṣọ tó ṣeé fà pọ̀ lẹ́nu.

Ẹ má bò ó nígbà tó ṣì tutù, nítorí èébu á hù. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ rọ́bà, ìbòmú àti ike omi. Ẹ ṣàn wọ́n dáadáa. Ẹ má sá wọn sí oòrùn.

Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ òru ńkọ́? Bó bá jẹ́ àárọ̀ ló ń sùn, ìrọ̀lẹ́ tó bá jí ni yóò bo ẹ̀rọ tirẹ̀.

Ohun tí a ó ṣe kí a tó sùn

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ tú aṣọ tí ẹ fi bo rọ́bà. Ẹ na rọ́bà gbọọrọ, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹnu kan, kí ẹ sì gba ẹnu kejì wò ó. Ẹ gbọ̀n ọ́n. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ, kí ẹ tan ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó gbé ìbòmú wọ̀. Àwọn ọmọ lè máa rán àwọn òbí létí: “Màmá, ẹ ò tíì wo inú rọ́bà yín o!”

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹ má fi aṣọ, òwú tàbí nẹ́ẹ̀tì sínú rọ́bà nígbà tí ẹ bá ń lò ó. Ẹ má sì dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára ìbòmú. Ibẹ̀ ni èémí tí ẹ ti mí síta ń gbà lọ.

Ẹ má fín oògùn kòkòrò sí ẹ̀rọ náà tàbí sí yàrá tí ẹ fẹ́ sùn. Afẹ́fẹ́ yàrá ni ẹ̀rọ ń fà, ọ̀dọ̀ yín ló sì ń fẹ́ ẹ sí. Oògùn kòkòrò tó ń jẹ́ Sniper kò yẹ nílé rárá. Ní ọdún 2019, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ má ju káńfọ̀ sínú àpò ìbòmú, nítorí òórùn rẹ̀ ni ẹ ó máa fà símú. Bí aáyán bá pọ̀ nílé, ẹ sọ fún onílé tàbí káńsù.

Bí kòkòrò bá ti wọlé

Ẹ pa ẹ̀rọ. Ẹ yọ rọ́bà, kí ẹ da omi ọṣẹ gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ ṣàn án, kí ẹ sì gbé e kọ́ títí yóò fi gbẹ. Bó bá jẹ́ inú ẹ̀rọ ni kòkòrò wọ̀, ẹ má tú u. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ pe ilé ìwòsàn tó fún yín. Bí ẹ bá fa kòkòrò sí ọ̀fun, tí ẹ kò sì lè mí dáadáa, ẹ pe 999.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí kòkòrò kì í sábà wọ rọ́bà nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́?
2. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá bo rọ́bà kó tó gbẹ?
3. Iṣẹ́ wo ni àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara ìbòmú ń ṣe?
4. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta láti ṣàlàyé fún ará ilé kan tó fẹ́ fín oògùn kòkòrò sí yàrá ìdí tí kò fi yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀.
5. Ẹ ń lọ sí Ìbàdàn fún ọdún Kérésì pẹ̀lú ẹ̀rọ yín. Ẹ ka orúkọ kòkòrò mẹ́ta tí ẹ lè bá pàdé níbẹ̀, kí ẹ sì kọ bí ẹ ó ṣe tọ́jú rọ́bà yín.