Obì àbàtà tàbí gbànja?

Ìbéèrè: Ìyá ìyàwó mi ní obì àbàtà ni ká rà fún ìsọmọlórúkọ, kì í ṣe gbànja. Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Bí mo bá sì jẹ obì lálẹ́, n kì í rí oorun sùn.

Ìdáhùn: Ìyá yín tọ̀nà. Ẹ la gbànja, awẹ́ méjì péré lẹ ó bá níbẹ̀. Àbàtà a máa ní mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, nígbà mìíràn mẹ́fà. Olójú mẹ́rin ni wọ́n fi ń bi òrìṣà léèrè, awẹ́ méjì akọ, méjì abo. Bí wọ́n bá dà á sílẹ̀ tí méjì ṣíjú sókè, tí méjì dojú bolẹ̀, obì yàn nìyẹn. Ní Kúbà, níbi tí obì ti ṣọ̀wọ́n, àgbọn làwọn ọmọ Lùkùmí, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà níbẹ̀, ń fọ́ sí mẹ́rin, síbẹ̀ "obí" ni wọ́n ṣì ń pè é. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń wú mi lórí gan-an. Gbànja ní tirẹ̀, obì ọjà ni: láti Agége àti Ṣágámù ló ti ń lọ sí ilẹ̀ Haúsá, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní gòrò.

Ní ti oorun, kaféènì tó wà nínú kọfí wà nínú obì méjèèjì. Òwúrọ̀ ni kẹ́ ẹ máa jẹ ẹ́, kẹ́ ẹ sì dín in kù. Bí ọkàn yín bá ń sáré, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá yín jà, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà.