Ológbò Ilé Kéwú àti Kúrúnà: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìtọ́jú Awọ àti Irun Ẹran Ọ̀sìn

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Ohun tí ó fà á nìyí. Ní ilé kéwú wa, a ní ológbò kan tí ó ń bá wa lé àwọn eku tí ń jẹ ẹní àti ìwé. Nígbà tí ó yá, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pá, èépá bò ó, ó sì ń họ ara tọ̀sán tòru. Àwa olùkọ́ rí i, a ní yóò san fúnra rẹ̀. Nígbà tí kúrúnà náà dé ojú àti ọrùn, àwọn ọmọ tí ó dàgbà jù dá ọgbọ́n kan: wọ́n po kẹrosíìnì mọ́ ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò, wọ́n fi pa á láti orí dé ìrù. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ti kú. Àánú ni àwọn ọmọ náà fi ṣe é. Àwa tí a rí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a kò ṣe nǹkan kan ni a kọ́kọ́ jẹ̀bi.

Hádíìsì obìnrin tí ó wọ iná nítorí ológbò kò ṣàjèjì sí yín. Ó wà nínú Bukhari àti Muslim. Ohun tí a máa ń gbójú fò níbẹ̀ ni pé a kò gbọ́ pé ó lù ú. Ó sé e mọ́lé ni, kò fún un ní oúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kí ó lọ wá tirẹ̀.

Kí ni ó pa ológbò wa? Ahọ́n ológbò ni kànìnkànìn rẹ̀, òun náà sì ni ìyarun rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni ó fi ń lá ara lójúmọ́. Ohunkóhun tí a bá fi pa á lára, ikùn rẹ̀ ni yóò wọ̀. Kẹrosíìnì ń bó awọ, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ìfọlẹ̀ tí ń sọ omi di funfun bíi wàrà, àti oògùn apakòkòrò inú ìgò tí wọ́n ń kiri lọ́jà. Oògùn eégbọn ti ajá tí permethrin wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ajá lè gbà á, ṣùgbọ́n ó ń pa ológbò.

Ọmọ kan bi wá pé, “Áfáà, ṣé kì í ṣe ọ̀dà ni àwọn Lárúbáwá fi ń pa ràkúnmí tí kúrúnà ń ṣe?” Òótọ́ ni, ìbéèrè rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n ràkúnmí kì í fi ahọ́n wẹ ara bí ológbò ti ń ṣe.

Kúrúnà ológbò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti etí, kí ó tó dé ojú, ọrùn àti ọwọ́. Kòkòrò tí ojú wa kò rí ni ó ń gbẹ́ inú awọ. Làpálàpá yàtọ̀ sí i: irun yóò pá ní róbótó-róbótó, ó sì tètè ń ran àwọn ọmọdé. Ti kòkòrò kékeré tí ń fò, tí ń mu ẹ̀jẹ̀, ẹ yẹ abẹ́ irun wò. Tí ẹ bá rí ìdọ̀tí dúdú wínníwínní, ẹ gbọ̀n ọ́n sórí òwú funfun tí ó tutù. Tí ó bá pọ́n, ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò náà mu tí ó sì yà ni. Ẹyin rẹ̀ ń jábọ́ sórí ẹní àti aṣọ tí ẹran náà ń sùn lé, nítorí náà ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ ya èyí tí ara rẹ̀ kò dá sọ́tọ̀. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ kí a da ẹran tí ń ṣàìsàn pọ̀ mọ́ èyí tí ara rẹ̀ le. Òun náà ni ó bi ará oko kan, nípa ràkúnmí tí kúrúnà ń ṣe, pé ta ni ó kó o ran àkọ́kọ́. Àwọn kan di èyí mú pé kò sí àrùn tí ń ràn. Àwọn onímímọ̀ so hádíìsì méjèèjì pọ̀: àrùn kò ní agbára kan lẹ́yìn àṣẹ Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n a pa wá láṣẹ kí á ṣọ́ra.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní yunifásítì Ìbàdàn, Ìlọrin àti Abẹ́òkúta. Wọn yóò gbé ẹran náà lé òṣùwọ̀n kí wọ́n tó wọn oògùn fún un, wọ́n sì lè ní kí ẹ tún padà wá, nítorí ẹyin kòkòrò tí kò tíì pa. Ẹ má ṣe pa ìgbà kejì yìí jẹ.

Ẹ̀bà lásán kò lè mú irun ológbò dán; ẹran àti ẹja ni ara rẹ̀ fẹ́. Orí ẹja tí a ń jù nù ń ṣe é láǹfààní. Ìwẹ̀ kò pọn dandan fún un.

Arábìnrin kan béèrè bóyá irun ológbò ń ba ìrun jẹ́. Rárá. Abu Qatadah tẹ ohun èlò omi àlùwàlá rẹ̀ fún ológbò kí ó mu, ó sì sọ fún Kabshah tí ẹnu yà pé Ànábì ti sọ pé kì í ṣe ẹlẹ́gbin. Ó wà nínú Muwatta ti Imam Malik. Tí irun náà bá pọ̀ lára ẹní, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ kírun yín. Tí ẹ bá kírun tán, ẹ pe ológbò náà, kí ẹ wo abẹ́ etí rẹ̀.