Àkànní, Fi Dragon's Lair Lọ́rùn Sílẹ̀

Àkànní, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ìwọ ni mò ń bá wí. Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún àbúrò ẹ. O ní Dragon's Lair kì í ṣe géèmù, o ní kàtúùnù lásán ni, pé ẹni tó ń gbá a kàn ń tẹ bọ́tìnnì kí àwòrán lè máa lọ. Háà, bàbá mi! Ohun tó jáde nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ro ti bíbí ẹ!

Oṣù kẹfà ọdún 1983 ni wọ́n gbé e jáde ní Amẹ́ríkà. Ṣé o mọ bí géèmù ṣe rí nígbà náà? Pac-Man ni, ẹnu róbótó kan tó ń jẹ tóótòòtó kiri. Àfi bí èèyàn ṣe wọ ilé géèmù lọ́jọ́ kan tó rí Dirk. Jagunjagun ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín, tó ń sáré gba orí afárá ààfin. Pákó já lábẹ́ rẹ̀, ó rọ̀ dirodiro, ẹranko inú omi ń na ọwọ́ gbọọrọ sí i. Tí o kò bá tètè tẹ bọ́tìnnì idà, ó parí, Dirk á di egungun lójú ẹ.

Don Bluth ló yà á, òun àti àwọn tí wọ́n jọ kúrò ní Disney ní 1979. Fíìmù wọn, The Secret of NIMH, ni Rick Dyer, ẹni tó ni èrò géèmù náà, wò tó fi wá wọn lọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi yà á, bébà lórí bébà, títí ó fi tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 22. Owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là ló bá a lọ, síbẹ̀ kò ku owó tí wọ́n máa fi gba òṣèré. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló fi ohùn sí i. Vera Lanpher, ọ̀gá àwọn tó ń tún ìlà àwòrán fà kó mọ́, òun ni ohùn Daphne, ọmọ ọba tí dírágónì gbé pamọ́. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lo ń pè ní lásán?

Sẹ́ǹtì 25 ni wọ́n fi ń gbá àwọn géèmù yòókù. Sẹ́ǹtì 50 ni tiẹ̀, èrò sì ń tò. Àwọn onílé géèmù tiẹ̀ ń gbé amóhùnmáwòrán kejì lé orí ẹ̀rọ náà kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i. Èèyàn kan á máa gbá a, gbogbo èrò á máa pariwo: òsì! ọ̀tún! idà! Ìyẹn lẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń dá gbá géèmù nínú yàrá. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lápò náà gbádùn Dragon's Lair, ó sì rántí rẹ̀ dòní.

Ó ní àléébù, n ò jiyàn. Àwo lésà ni wọ́n fi ṣe é, àwo kan tó fẹ̀ tó rẹ́kọ́ọ̀dù Obey tí bàbá ẹ kò jẹ́ ká fọwọ́ kàn. Bí ẹ̀rọ bá ń wá ibi tó kàn lórí àwo, ojú rẹ̀ á ṣú fìrì. Ẹ̀rọ ọ̀hún kò lágbára fún irú wàhálà bẹ́ẹ̀, ó ń bàjẹ́ ṣáá. Ẹni tó bá sì ti há gbogbo ọ̀nà rẹ̀ sórí, ó tán nìyẹn. Géèmù wọn mìíràn, Space Ace, tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ariwo géèmù orí àwo lésà fi rọlẹ̀.

Ṣé wọ́n wá gbàgbé ẹ̀? Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Amẹ́ríkà gba ọ̀kan tọ́jú. Nígbà tí àwọn tó ṣe eré Stranger Things fẹ́ fi ilé géèmù ayé ìgbà náà hàn, òun ni wọ́n gbé síwájú àwọn ọmọ inú eré náà.

Ó wà lórí Switch tí o ń gbé kiri yẹn. Gbá a lálẹ́ òní. Tí o bá dé ọ̀dọ̀ dírágónì, Daphne á sọ ti idà àti kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́rùn ẹranko náà fún ẹ. Fetí sílẹ̀ o, má kù gììrì bí ìṣe ẹ. Tí o bá kú, kú, kú tó sú ẹ, pè mí kí n sọ ibi tó yẹ kí o yà sí.