Ìgbádùn díẹ̀ nígbà ooru

Ìbéèrè: Láti oṣù Ẹrẹ́nà ni ooru àti àìsí iná ò ti jẹ́ kí n sùn. Mo kàn ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ ni. Kí ni mo lè ṣe nínú ilé tó máa tù mí lára? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, ìyá wa. Ẹni tí kò rí oorun sùn, ara á máa kan án gógó. Kì í ṣe ìwà yín ló bàjẹ́. Lálẹ́, ẹ fi omi tútù wẹ̀, kí ẹ tó tẹ́ ẹní síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Máńgòrò ti pọ̀ lọ́jà báyìí. Ẹ bó ọ̀kan (ti Ògbómọ̀ṣọ́ lèmi fẹ́ràn jù), ẹ jókòó jẹ ẹ́ kí omi rẹ̀ ṣàn dé ìgúnpá. Àwọn ọmọ á dúró díẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dá, ẹ ṣí fèrèsé kí òórùn ilẹ̀ tútù wọlé. Ṣùgbọ́n bí àìsùn tàbí ìbànújẹ́ bá ṣì wà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà.